Akínwándé Ń Wá Baálẹ̀ ní Vigo

Iṣẹ́ Akínwándé kò ṣòro láti ṣàlàyé. Ilé iṣẹ́ kan wà ní ọ̀nà Ẹgbẹ́dá tí wọ́n ti ń lọ oúnjẹ adìyẹ. Alhaja Hasanat ló ni ín. Akínwándé ló ń gba ìpè àwọn tó ń sin adìyẹ, òun ló sì ń pín àwọn ọkọ̀ tó ń gbé oúnjẹ náà kiri láti Lálúpọn títí dé Ìrókò. Fún ẹni tó bá jókòó sí Ẹgbẹ́dá, iṣẹ́ ìrọ̀rùn ni. Ṣùgbọ́n Akínwándé kò sí ní Ẹgbẹ́dá. Ìlú Vigo ló wà, ní Sípéènì, níbi tí ilẹ̀ Yúróòpù ti tán tí òkun ti gbà á, òun àti kọ̀ǹpútà kan, fóònù méjì, àti kọ́tìnnì kan tí kì í ṣí.

Bó ṣe máa ń lọ nìyí. Á pe dírẹ́bà.

"Jìmí, ibo lo dé?"

"Ẹ̀gbọ́n, mo ti kọjá Mọ́níyà. Mo ti fẹ́ wọ Ìrókò báyìí."

 Akínwándé á lẹ fóònù mọ́ etí, á dijú.

"Jìmí."

"Sà."

"Ta ló ń polówó tàtàṣé létí rẹ yẹn?"

Jìmí á wúkọ́.

"Ọjà Ṣáṣá lo wà, o ò tíì dé Mọ́níyà rárá. Ó sì jọ pé o ti jókòó, torí mò ń gbọ́ ṣíbí nínú abọ́. Jẹun tán, kí o máa lọ."

Àwọn dírẹ́bà ní ó ní nǹkan lọ́wọ́. Kò ní nǹkan kan. Èmi tí mo bá a gbé yàrá kan ní Ajíbọ́dé nígbà tí a wà ní yunifásítì, mo mọ̀ pé etí ló ní, etí náà kò sì bá a wọ ọkọ̀ òfúrufú. Ó wà nílé. Nígbà míì mo máa ń rò ó pé ènìyàn lè kúrò ní ìlú kan láìtíì dé ìlú kejì, kí ó wà láàárín méjèèjì fún ọdún púpọ̀, kí ó sì máa san owó iná níbẹ̀.

Olúfúnmi, ìyàwó rẹ̀, ló gbé e lọ. Ọmọ tíṣà ni, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi, ó sì kàwé nípa ẹja. Ilé ẹ̀kọ́ kan ní Vigo gbà á kí ó wá ṣe ìwádìí nípa àìsàn tó ń pa àwọn ohun tí wọ́n ń sìn nínú òkun. Alhaja Hasanat ní Akínwándé lè máa bá òun ṣiṣẹ́ láti ibikíbi tí nẹ́tíwọ̀kì bá wà, torí kò tíì rí ẹlòmíràn tí Jìmí ń bẹ̀rù. Báyìí ni àwọn méjèèjì ṣe dé Vigo ní oṣù kẹwàá, nígbà tí òjò ibẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Òjò náà kò dá títí ọdún fi yí.

Ẹ mọ àwa ará Ìbàdàn àti ọ̀rọ̀ oko. Bàbá Ifáníyì, bàbá Akínwándé, ti gbé abúlé kan lẹ́yìn Ìrókò láti kékeré. Ibẹ̀ ni wọ́n ti fẹ́ ìyàwó, ibẹ̀ ni wọ́n bí gbogbo ọmọ sí. Síbẹ̀ bí ẹ bá bi wọ́n ní ilé wọn, wọ́n á ní Ìbàdàn ni, ní agbo ilé kan lẹ́bàá Ọjà'ba, níbi tí wọn kì í sùn àfi bí ọdún bá dé tàbí bí ẹnìkan bá kú. Ibi tí wọ́n ń gbé, oko lásán ni. A kì í kun ilé oko lọ́dà. A kì í ra àga tìmùtìmù sí oko.

Akínwándé gbé òfin yìí lọ sí Vigo láìyọ ọ̀kan kúrò. Ilẹ̀ ni wọ́n tẹ́ bẹ́ẹ̀dì sí. Orí àpótí ọsàn ló ń jókòó sí ṣiṣẹ́. Aṣọ rẹ̀ wà nínú báàgì. Bó bá wọ ọ̀kan, á fọ̀ ọ́, á sì dá a padà sínú báàgì.

"Jẹ́ ká ra tábìlì," ni Olúfúnmi wí.

"Olúfúnmi, oko la wà."

"Oko kẹ̀? Ojú fèrèsé rẹ níbí, òkun ni. Oko wo ló ní òkun?"

"Oko tó jìn ni."

Lọ́jọ́ Ìsinmi, Olúfúnmi á fà á jáde. Wọ́n á sọ̀kalẹ̀ lọ sí èbúté, torí òkè ni gbogbo Vigo bí Ìbàdàn, àfi pé inú omi ni ẹsẹ̀ òkè tiwọn wà. Á fi àwọn ọkọ̀ ẹja hàn án. Á fi àwọn pátákó ńlá hàn án tó léfòó lójú omi, níbi tí wọ́n ti ń sin ohun abìkarahun tí wọ́n ń jẹ. Akínwándé á wò ó, á ní, "Àbà nìyẹn. Àbà orí omi." Á mú un wọ ọkọ̀ ojú omi tó ń sọdá sí òdìkejì, Akínwándé á ní òun kò lè gbádùn ọkọ̀ tí kò ní bíréèkì. Á mú un dé etí òkun gan-an, níbi tí iyanrìn ti tẹ́ lọ rẹrẹ tí àwọn ènìyàn ti ń ya fọ́tò. Akínwándé á dúró, á ká ọwọ́ sẹ́yìn, bí ẹni tí wọ́n pè wá wo ilẹ̀ títà.

"Kí lo rí sí i?"

"Omi náà pọ̀."

"Ìyẹn nìkan?"

"Ó pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ti Ẹlẹ́yẹlé ní Ìbàdàn tó."

Olúfúnmi rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ yẹn nígbà náà. Ìgbà tó máa fi di oṣù kìíní, ẹ̀rín ti ń dín kù.

Ní oṣù kìíní náà ni ọ̀gá rẹ̀ pè é. Iṣẹ́ tí wọ́n torí ẹ̀ gbà á máa parí ní oṣù kẹfà, ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ràn ọwọ́ rẹ̀. Wọ́n fẹ́ kí ó dúró fún ọdún mẹ́ta sí i. Kí ó dá wọn lóhùn kí oṣù kẹta tó parí. Olúfúnmi wálé, kò bọ́ kóòtù, ó dúró sí ẹnu ọ̀nà, ó sọ fún ọkọ rẹ̀.

"Gbà á!" Akínwándé dìde lórí àpótí ọsàn. "Ṣé ó tún ku ìbéèrè ni?"

"Èmi àti ta ni a jọ máa gbà á?"

"Èmi àti ìwọ."

"Ìwọ wo?" Olúfúnmi jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì tó wà nílẹ̀. "Akin, o lè gbọ́ tàtàṣé ní Ṣáṣá láti orí àpótí yẹn. Dárúkọ àdúgbò tí à ń gbé fún mi."

Akínwándé ronú. Ó wo òkè àjà.

"Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú K," ni ó wí.

"Kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú K. Etí rẹ wà ní Ṣáṣá, ọkàn rẹ wà ní Ẹgbẹ́dá, ikùn rẹ nìkan ni mò ń bọ́ níbí. Mi ò lè bá ikùn gbé fún ọdún mẹ́ta. Mi ò sì ní dá gbé. Bí o bá rí i pé o lè gbé ìlú yìí, gbé e, kí n rí i pé ò ń gbé e. Bí o ò bá lè gbé e, sọ fún mi kí oṣù kẹta tó parí, màá sọ fún wọn pé à ń lọ sílé. Mi ò ní bínú."

Ọ̀rọ̀ tó kẹ́yìn yẹn ló dẹ́rù bà á. Ó mọ Olúfúnmi. Bó bá bínú, á pariwo, ọ̀rọ̀ á sì tán. Ohun tí kò bá bínú sí ni kì í tán. Ó tún mọ̀ pé ohun tí ìyàwó òun ti ń wá nìyí láti ìgbà tí àwọn ti wà ní Ajíbọ́dé, nígbà tí Olúfúnmi ń sin ẹja nínú dúrọ́ọ̀mù ní ẹ̀yìnkùlé ilé tó ń gbé, tí lánlọ́ọ̀dù ń kígbe pé kanga òun ń rùn. Bó bá jẹ́ òun ni yóò mú kí Olúfúnmi ju iṣẹ́ náà nù, Olúfúnmi kò ní fi ẹnu bà á láé. Wọ́n á kàn jọ máa gbé pẹ̀lú ọ̀rọ̀ náà bí ẹni ń gbé pẹ̀lú òórùn.

Ní ọjọ́ kejì, ó pe bàbá rẹ̀.

"Bàbá, ìlú yìí kò gbà mí."

"Ta ló gbà yín lálejò nígbà tí ẹ dé?" ni Bàbá Ifáníyì béèrè.

"Kò sí, Bàbá. Orí fóònù la ti gba ilé. Wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ sínú àpótí kékeré kan lára ògiri. A tẹ nọ́ńbà, a mú kọ́kọ́rọ́, a wọlé."

"Ẹ ò rí ẹnikẹ́ni?"

"A ò rí ẹnikẹ́ni."

"Ẹ kàn wọlé. Bí eku."

"Bàbá, bí wọ́n ṣe ń ṣe níbí—"

"Akínwándé. Nígbà tí bàbá mi kọ́kọ́ dé abúlé yìí, ta ni wọ́n lọ bá?"

"Baálẹ̀."

"Kí ni wọ́n gbé dání?"

"Ọtí àti obì."

"Kí ni baálẹ̀ fún wọn?"

"Ilẹ̀."

"Ìwọ wọ ìlú onílùú láti oṣù kẹwàá, o ò rí baálẹ̀, o wá ń sọ pé ìlú kò gbà ọ́. Ta ló sọ fún ìlú pé o dé?"

 Akínwándé ní ńṣe ni ọ̀rọ̀ náà wọ inú òun bí omi tútù. Nígbà tó sọ ọ́ fún Olúfúnmi, ìyẹn rẹ́rìn-ín títí ó fi fara ti ògiri.

"Baálẹ̀ Vigo! Ọkọ mi, lọ sí gbọ̀ngàn ìlú. Mééyọ̀ wà níbẹ̀."

"Mééyọ̀ kọ́. Mééyọ̀, alága káńsù nìyẹn. Wọ́n ń dìbò fún un ni. Baálẹ̀ ni mò ń wí."

"Báwo lo ṣe máa mọ̀ ọ́n?"

"Baálẹ̀ kì í fara pamọ́."

Báyìí ni Akínwándé ṣe ṣí kọ́tìnnì. Fèrèsé wọn kọjú sí gbàgede kékeré kan tó ní igi mẹ́rin àti ibùdókọ̀ kan, òkun sì wà lẹ́yìn rẹ̀ nísàlẹ̀. Bó ti ń pín ọkọ̀, bẹ́ẹ̀ ló ń wo ìta. Ó mọ ohun tó ń wá: àgbàlagbà tó ń jókòó síbì kan náà, tí gbogbo ènìyàn ń kí, tí kì í dìde fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó kọ́kọ́ fojú sí ni bàbá kan tó dé fìlà dáadáa tó sì mú ọ̀pá dání. Ó tẹ̀ lé e láti òpópónà dé òpópónà, tìyìtìyì, títí bàbá náà fi wọ ilé dókítà eyín. Akínwándé ní òun dúró sí ìta díẹ̀ bóyá wọ́n á jáde wá jókòó.

Ẹni kejì ló bá a mu. Wọ́n ń jẹ́ Eladio. Àràárọ̀ ni bàbá náà ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì lábẹ́ igi tó súnmọ́ ibùdókọ̀. Kò sí ẹni tó kọjá tí kò kí wọn. Obìnrin a máa mú búrẹ́dì wá fún wọn. Àwọn ọ̀dọ́ a máa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Wọn kì í dìde. Bí bọ́ọ̀sì ìjọba gan-an bá ń kọjá, dírẹ́bà á fọn fèrè fún wọn, Bàbá Eladio á gbé ìka kan sókè.

"Ìjọba ń fọn fèrè fún wọn," ni Akínwándé sọ fún mi lórí fóònù, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ bí ẹni tó wà ní ààfin. "Kí ni ẹ̀rí tó kù?"

Ọtí rọrùn láti rí. Obì ni ìṣòro. Ó béèrè lọ́wọ́ ará Sẹ̀nẹ̀gà kan tó ń ta ìgbànú. Ìyẹn rán an sí ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́yìn ọjà ẹja. Àwọn yẹn rán an padà sókè, sí ọ̀nà ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Níbẹ̀ wọ́n ní kí ó gòkè sí i. Òjò ń pa á, ó ń béèrè, ó ń ṣìnà, ó ń padà. Nígbà tó máa fi rí obì lọ́wọ́ ìyá kan tó ń dirun ní abẹ́ àtẹ̀gùn kan, ó ti rin Vigo ju bó ti rìn ín láti oṣù kẹwàá lọ, kò sì fura.

Ní òwúrọ̀ Àbámẹ́ta, ó wọ bùbá àti ṣòkòtò, ó fi kóòtù òjò lé e, ó dé fìlà, ó sọ̀kalẹ̀ lọ sí gbàgede. Ó gbé ọtí àti obì síwájú Bàbá Eladio. Ó bọ́ kóòtù. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí òkúta tútù.

Obìnrin kan ké. Ẹlòmíràn sáré gbé omi wá. Ọkùnrin kan ti ń pe ọkọ̀ ilé ìwòsàn. Olúfúnmi, tó ń wò ó láti fèrèsé lókè, fi ìrọ̀rí bo ojú. Bàbá Eladio nìkan ni kò mira. Wọ́n wo ẹni tó wà nílẹ̀, wọ́n wo ìgò ọtí, wọ́n sì fi ọwọ́ lé àwọn ènìyàn sẹ́yìn.

Akínwándé dìde sórí orúnkún, ó yọ fóònù tó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀, ó sì sọ ohun tó ti há sórí. Ó ní àlejò ni òun. Ó ní òun ti dé láti oṣù kẹwàá òun kò sì wá kí wọn, kí wọ́n má bínú, àìmọ̀kan ni. Ó ní òun kò wá bá ẹnikẹ́ni jà, ibi tí òun lè fi ẹsẹ̀ sí ni òun ń wá.

Bàbá Eladio gbọ́ ọ tán. Wọ́n ronú. Fóònù túmọ̀ èsì wọn: "Mo dúpẹ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wò ó pé ta ló ń gbé lẹ́yìn kọ́tìnnì yẹn."

Lẹ́yìn náà, wọ́n béèrè iṣẹ́ bàbá rẹ̀. Ó ní àgbẹ̀ ni. Wọ́n gba ọwọ́ rẹ̀, wọ́n tẹ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ wò, wọ́n sì rẹ́rìn-ín, torí ọwọ́ náà rọ̀ bí àkàrà. Wọ́n mú ọ̀pá. Wọ́n dìde. Wọ́n ní kí ó tẹ̀ lé àwọn.

Bọ́ọ̀sì ni wọ́n wọ̀, ó ń gòkè, ó ń yí. Dírẹ́bà kí Bàbá Eladio bí ọmọ ṣe ń kí bàbá. Wọ́n ń nawọ́ sí ìta, wọ́n ń sọ̀rọ̀: ilé yẹn, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe búrẹ́dì tẹ́lẹ̀, ìyàwó ẹni tó ni ín bímọ sínú bọ́ọ̀sì yìí, ibí yìí òkè náà le, àfi kí o mú un pẹ̀lẹ́. Ibẹ̀ ni ara bẹ̀rẹ̀ sí í fu Akínwándé.

"Bàbá, ṣé ẹ̀yin lẹ ni òkè yìí ni?"

"Èmi kẹ̀? Bọ́ọ̀sì yìí ni mo ń wà tẹ́lẹ̀. Dírẹ́bà ni mí títí tí orúnkún fi kọ̀."

Akínwándé ní ojú ti òun títí di ibùdókọ̀ kejì. Òun, ọmọ Ifáníyì, òun tó ń da àwọn dírẹ́bà láàmú láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, òun ló dọ̀bálẹ̀ fún dírẹ́bà ní gbangba, tí wọ́n fẹ́ pe ilé ìwòsàn sí. Ṣùgbọ́n kí bọ́ọ̀sì tó dé ibùdókọ̀ kẹta, ó ti tún un rò. Ẹni tó ti gbé gbogbo ìlú lọ síbi iṣẹ́, tó gbé wọn padà wálé, tó mọ ẹni tó bímọ àti ibi tó bí i sí. Bí ìyẹn kò bá jẹ́ baálẹ̀, kí ni baálẹ̀? Láti ọjọ́ náà, bó bá fẹ́ bá Jìmí wí, ó máa ń kọ́kọ́ kí i.

Ilẹ̀ kan ni Bàbá Eladio ní lókè, ní ẹ̀gbẹ́ ìlú, tí àwọn òbí wọn fi sílẹ̀ fún wọn. Kò tóbi. Ó da gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ó ní ògiri òkúta kékeré, òkun sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀ bí ẹni da epo sílẹ̀. Igbó ti bo ìdajì rẹ̀, torí orúnkún wọn kò lè gbà á mọ́. Wọ́n na ọ̀pá sí ìdajì tí igbó bò.

"Máa dá ìyẹn. Bí nǹkan bá hù, mú díẹ̀ wá fún mi."

Ìṣákọ́lẹ̀! Akínwándé ní díẹ̀ ló kù kí òun sunkún. Kò sí ẹni tó kọ́ bàbá yìí. Wọ́n kò tíì gbọ́ Ìrókò rí láyé wọn. Síbẹ̀ wọ́n sọ ọ́ bí baálẹ̀ ṣe sọ ọ́ fún bàbá bàbá rẹ̀.

Kò sọ fún Olúfúnmi. Ó ní kí nǹkan kọ́kọ́ hù ná, torí ìyàwó rẹ̀ ti fi ọ̀rọ̀ dídọ̀bálẹ̀ yẹn rẹ́rìn-ín tó. Bí iṣẹ́ bá dẹwọ́, á gun òkè, á ti fóònù bọ etí, á máa ro ilẹ̀, á sì máa pín ọkọ̀. Alhaja Hasanat fura.

"Akínwándé, kí ni mò ń gbọ́ yẹn?"

"Ọkọ́ ni, mà."

"Ọkọ́! Ohun tí o torí ẹ̀ sá kúrò lẹ́yìn Ìrókò, òun lo gun bàlúù lọ bá?"

"Eré ìdárayá ni, mà."

"Ẹ gbà mí o. Bàbá ẹ ń bẹ̀ ọ́ pé kí o wá bá àwọn kọ ebè kan, o ní ẹ̀yìn ń dùn ọ́. Ṣé afẹ́fẹ́ òkun ti wo ẹ̀yìn náà sàn ni?"

Olúfúnmi, ní tirẹ̀, rí ẹrẹ̀ lára bàtà. Ó rí i pé ọkọ òun ń pẹ́ níta, pé ó ń wálé pẹ̀lú ojú ẹni tó ní àṣírí. Ó béèrè lẹ́ẹ̀kan. Akínwándé ní òun ń rìn kiri ni, ṣé kì í ṣe ohun tó ní kí òun máa ṣe nìyẹn? Kò tún béèrè mọ́. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun ti ro gbólóhùn tí òun máa fi kọ̀ fún wọn, pé òun ti ń kọ́ bí òun ṣe máa sọ ọ́ tí ohùn òun kò ní gbọ̀n.

Oṣù kẹta dé òpin. Ọjọ́ Jímọ̀ ni. Olúfúnmi mu tíì tán, ó gbé fóònù síwájú.

"Akin, òní ni màá dá wọn lóhùn. Kí ni màá sọ?"

Akínwándé la ẹnu. Fóònù rẹ̀ dún: Bàbá Eladio ni. Ọ̀rọ̀ wọn kò gùn. Ọ̀rọ̀ kan ni wọ́n ń tún sọ, Akínwándé sì ti gbọ́ ìyẹn láìsí ìtumọ̀. Ó fò dìde. Fóònù kejì dún.

"Ẹ̀gbọ́n," ni Jìmí wí, "mo ti kọjá Mọ́níyà—"

"Jìmí, ibi tó bá wù ọ́ ni kí o wà!"

Ó sáré jáde. Olúfúnmi jókòó wo ilẹ̀kùn. Kò tíì gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu ọkọ rẹ̀ rí láyé. Ó dìde pẹ̀lú sálúbàtà ilé lẹ́sẹ̀, ó sáré sọ̀kalẹ̀, ó rí i tó ń wọ bọ́ọ̀sì níwájú, òun náà sì gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé. Bí Akínwándé bá wẹ̀yìn, ì bá rí i. Kò wẹ̀yìn.

Olúfúnmi tó mọ gbogbo etíkun, tó mọ ọjà ẹja àti erékùṣù, kò tíì dé òkè yìí rí. Ó tẹ̀ lé ọkọ rẹ̀ gba ọ̀nà tóóró kan láàárín ògiri òkúta, ó yà lẹ́yìn igi ọsàn kan, ó sì dúró.

Ọkọ rẹ̀ wà láàárín oko kan tó mọ́ tónítóní. Níwájú rẹ̀ ni ìyá àgbà kan wà tó wọ bàtà òjò, tó mú ọkọ́ dání, orúkọ wọn ni Maruṣa, ilẹ̀ wọn ló sì bá ti Bàbá Eladio pààlà. Láàárín àwọn méjèèjì ni òkúta ààlà wà, òun ni ọ̀rọ̀ tí Bàbá Eladio ń tún sọ lórí fóònù. Wọ́n ń jà.

"Ìyá, àgbà ni yín, mo sì bọ̀wọ̀ fún yín," ni Akínwándé ń sọ, ní Yorùbá pọ́ńbélé, "ṣùgbọ́n òkúta yìí, ibí kọ́ ló wà lánàá!"

Ìyá Maruṣa fi èdè ìlú wọn dáhùn. Wọ́n na ìka sí ọ̀run, wọ́n na ìka sí ilẹ̀, wọ́n gbá àyà.

"Ẹ fi Ọlọ́run búra? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbin àlùbọ́sà sórí ẹ̀wà mi?"

Ìyá Maruṣa tún dáhùn, ó gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Kò sí ẹni tó rántí fóònù. Wọ́n ń gbọ́ ara wọn yé.

Bàbá Eladio jókòó sórí korobá, wọ́n ń bó ọsàn, inú wọn sì ń dùn bí ẹni ń wo bọ́ọ̀lù. Wọ́n rí Olúfúnmi, wọ́n sún ìyókù ọsàn sí i, wọ́n sì ní òkúta yẹn ti máa ń rìn tipẹ́. Olúfúnmi gbọ́ Sípánííṣì tó láti lóye. Wọ́n ní kì í rìn lójú ènìyàn, kò sì tíì rìn padà sọ́dọ̀ Maruṣa rí.

Olúfúnmi jókòó sórí ògiri. Ó wo ẹ̀wà tó ti yọrí, ìlà rẹ̀ gún. Ó wo igbó tí wọ́n ti ro jọ sí igun kan.

"Akin," ni ó pè.

Akínwándé kò béèrè ohun tó gbé e dé ibẹ̀. "Olúfúnmi, wá wò ó! Wá wo ohun tí ìyá yìí ń ṣe fún wa!"

"Báwo ni ilẹ̀ tí ẹ ń jà sí ṣe fẹ̀ tó?"

"Ó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ kan!"

"Ẹsẹ̀ kan."

"Lọ́dún yìí ni! Ẹsẹ̀ kan lọ́dún yìí. Lọ́dún tó ń bọ̀, wọ́n á tún gbà á. Bó bá fi máa di ọdún kẹta, ẹnu ọ̀nà la máa bá àlùbọ́sà. Mi ò ní gbà á, Ìyá! Inú oṣù karùn-ún ni Bàbá Eladio ní kí n gbin àgbàdo síbẹ̀, ibẹ̀ náà ni màá gbìn ín sí, màá sì dúró tì í. Ẹ̀yin náà á rí mi níbí lójoojúmọ́!"

Olúfúnmi yọ fóònù. Ó tẹ nǹkan kúkúrú, ó fi ránṣẹ́, ó sì fi ìyókù ọsàn sẹ́nu.

"Kí lo ń tẹ̀?" ni Akínwándé béèrè, ojú rẹ̀ ṣì wà lára òkúta.

"Mò ń dá wọn lóhùn."

 Akínwándé ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí. Ó yíjú sí i, ọkọ́ dání, ẹrẹ̀ dé orúnkún.

"Kí lo wí?"

"Mo ní a ní ẹjọ́ ilẹ̀ níbí. Mo ní a ò tíì lè lọ."

Ó gbà á ní ìṣẹ́jú kan kí ọ̀rọ̀ náà tó wọlé. Nígbà tó wọlé, Akínwándé kò rẹ́rìn-ín, kò dì mọ́ ìyàwó rẹ̀. Ìyẹn di alẹ́. Ìyá Maruṣa ló kọjú sí, ó na ìka mẹ́ta sí wọn lójú.

"Ìyá, ẹ gbọ́? Ọdún mẹ́ta!"

Ìyá Maruṣa wo ìka mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà dáadáa. Wọ́n gbé ọkọ́ sí ọwọ́ òsì, wọ́n sì na mẹ́rin.